Lọ́wọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà? Àkọsílẹ̀ Ìjà Kan Nínú Ẹgbẹ́ Olólùfẹ́ Olórin Fújì

Ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa dé ọ̀dọ̀ mi, gúrúùpù wọn lórí Facebook ti lé ní ènìyàn 40,000. Wọ́n ní gúrúùpù WhatsApp fún Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìlọrin, wọ́n ní òmíràn fún àwọn ará London, wọ́n sì ní chánẹ́ẹ̀lì Telegram tí wọ́n ń kó orin òde ọ̀gá wọn sí. Olórin fújì ni ọ̀gá náà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn; ohun tí ojú wọn ti rí tó. Mo yí nǹkan díẹ̀ padà nípa ibi tí wọ́n ń gbé àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, kí ẹnikẹ́ni má baà nàka sí wọn. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ádímìnì níbì kan, tàbí tí wọ́n máa ń pè láti wá bá wọn parí irú ìjà báyìí bíi tèmi, ẹ̀yin ni mo kọ ọ́ fún.

Ìjà kì í ṣe tuntun nínú fújì. Láyé Sikiru Ayinde Barrister àti Kollington Ayinla, inú àwo rékọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń ju òkò ọ̀rọ̀ síra wọn, àwọn olólùfẹ́ wọn á sì bá wọn gbé e dé ilé ọtí àti gáréèjì. Ìyẹn yé èèyàn: tèmi dára ju tìẹ lọ. Ní ti èyí, ọ̀gá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé, orin kan náà ni wọ́n jọ ń jó, kò sì sẹ́ni tó ti ìta wá bà á jẹ́ fún wọn.

Kí ni wọ́n wá ń jà lé lórí? Ẹni tí kò bá lọ òde fújì rí á ní ipò ádímìnì ni. Rárá o. Lóde, olórin máa ń kí èèyàn. Á dárúkọ rẹ, á fi orúkọ bàbá rẹ àti àdúgbò rẹ sí i, á ní kí ìlù rọlẹ̀ díẹ̀ kí gbogbo ayé lè gbọ́. Ẹni tí wọ́n kí á dìde, á lọ ná owó. Ẹlòmíràn á ti fi fóònù gbà á sílẹ̀, á gbé e sórí Telegram, ó di ohun tí ọmọ rẹ máa gbọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ta ló ń kọ orúkọ àwọn tí olórin máa kí? Ẹgbẹ́ ni. Nínú ẹgbẹ́, ẹnì kan pàtó ló ń kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kan, tí mánẹ́jà á gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìlù tó gbóná. Ìwé pélébé yẹn ni oyè. Alága, akọ̀wé, ádímìnì, gbogbo ìyẹn, ọ̀nà àtidé ìdí ìwé náà ni.

Ẹni mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ náà yí ká. Olùdásílẹ̀ jẹ́ télọ̀ kan ní Mushin tó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Bàbá Ẹgbẹ́ ni tọmọdé tàgbà ń pè é, òun ló sì ń kọ ìwé pélébé. Akápò ni Alhaja, tó ń ta aṣọ ní Gbági n'Ìbàdàn. Òun ló ń kó ankará ẹgbẹ́ wá lọ́dọọdún fún ọjọ́ ìbí ọ̀gá, inú àkáǹtì òun fúnra rẹ̀ sì ni owó aṣọ ń wọ̀. Ẹnì kẹta jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ìwó Road, tí wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà. Kò ní ipò kankan nínú ìgbìmọ̀. Òun ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́.

Ọdún 2016 ni Bàbá ní òun fẹ́ kí ẹgbẹ́ wà lórí Facebook. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó ní, "Ọmọ mi, bá mi ṣí i." Ẹnjiníà fi orúkọ Bàbá àti fọ́tò Bàbá ṣí àkáǹtì, ó fi nọ́ńbà tirẹ̀ àti ímeèlì tirẹ̀ sí i, ó mú páásíwọ̀dù tó wù ú, ó dá gúrúùpù sílẹ̀, ó wá ṣí àkáǹtì náà sórí fóònù Bàbá kí Bàbá lè máa rí nǹkan tó ń lọ. Kò sí ètekéte kankan níbẹ̀ nígbà náà. Àìmọye bàbá ni ọmọ ti bá ṣí àkáǹtì báyìí nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni èèyàn méjì ti ń jẹ́ orúkọ kan nínú ẹgbẹ́ náà, tí ẹnì kan ṣoṣo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n tún wá fi ipò ádímìnì ṣe ẹ̀bùn. Lórí Facebook, módérétọ̀ lè gba ọ̀rọ̀ wọlé, ó lè yọ ọ̀rọ̀ kúrò, ó lè lé ọmọ ẹgbẹ́ jáde. Àmọ́ ádímìnì ló lè yan ádímìnì mìíràn tàbí kó yọ ọ́, òun náà ló lè yí ètò gúrúùpù padà. Iṣẹ́ módérétọ̀ ì bá tó ọ̀pọ̀ nínú àwọn mẹ́sàn-án tí wọ́n yàn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Wọ́n ní ó jọ ipò ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹni tó bá dá owó jù lọ́dún, ádímìnì ni wọ́n ń sọ ọ́ dà, yálà ó mọ ibi tí wọ́n ti ń lé oníjìbìtì jáde tàbí kò mọ̀.

Kòrónà ló sọ ilé kékeré di ilé ńlá. Láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni ìjọba ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa, òde sì kú. Onílù tó ń jẹun nídìí òde kò ríbi lọ. Ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láìfù, àwọn ará London ń fowó ránṣẹ́ sáwọn ọmọ ìlù, èrò ń ya wọ gúrúùpù. Ẹnjiníà ni kì í sùn. Òun ló ń tún ohùn ṣe, òun ló ń ka orúkọ ẹni tó fowó ránṣẹ́, òun náà ló ń lé àwọn tó ń polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí lábẹ́ fídíò ọ̀gá. Nígbà tí òde fi máa padà ṣí, ẹgbẹ́ ti ní owó, ó ti ní orúkọ, ìwé pélébé sì wà lọ́wọ́ Bàbá bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Àmì àkọ́kọ́ kò jọ ìjà rárá. Àwọn kan ń kọ ọ̀rọ̀ sí gúrúùpù, kì í jáde. Àwọn mìíràn jí lówùúrọ̀, wọ́n bá ara wọn níta. Orin òde tuntun ń bọ́ sí gúrúùpù àwọn olólùfẹ́ olórin mìíràn kó tó dé Telegram tiwọn. Àwọn ádímìnì bẹ̀rẹ̀ sí í fura síra wọn. Ẹnì kan wá rántí pé Facebook máa ń kọ ohun tí ádímìnì kọ̀ọ̀kan bá ṣe sílẹ̀. Wọ́n ṣí i. Orúkọ Bàbá ni wọ́n bá níbẹ̀. Bàbá lé lágbájá. Bàbá ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tàmẹ̀dù jáde. Bàbá yọ fídíò. Gbogbo rẹ̀ láàárín aago kan sí aago mẹ́ta òru.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ ṣẹ́rí. Bàbá búra pé òun kọ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ kì í purọ́. Àwọn kan ní ọjọ́ orí ti ń mú un, àwọn kan ní owó ló gbà. Alhaja, tó ti mọ Bàbá láti ayé kásẹ́ẹ̀tì, ò kí i mọ́. Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé bàbá tó máa ń ní kí wọ́n bá òun fi fọ́tò ránṣẹ́, báwo ló ṣe wá di ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn lóru? Mo máa ń tẹnu mọ́ èyí fáwọn tó ń ṣe iṣẹ́ wa: àkáǹtì ni àkọsílẹ̀ yẹn ń dárúkọ. Ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́, kò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ọjọ́ ìbí ọ̀gá ku díẹ̀, screenshot kan jáde. Ó jọ pé Alhaja ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Ó ní ohùn ọ̀gá ti lọ, pé ní tòun o, aṣọ lòun ń tà, kí wọ́n máa jó. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó fi dé London. Mo ṣì ní àwòrán náà. Ọ̀rẹ́ tí Alhaja fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ni wọ́n ní ó ya ojú fóònù rẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ Alhaja wà lápá òsì, nínú àpótí funfun, bó ṣe yẹ kó rí. Àmọ́ máàkì méjì aláwọ̀ búlúù wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. WhatsApp kì í fi máàkì sí ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn fi ránṣẹ́ sí ọ. Èyí tí ìwọ fi ránṣẹ́, tó wà lápá ọ̀tún, nìkan ló ń fi í sí. Àwọn áàpù kan wà tí wọ́n fi ń ṣe ayédèrú ìjíròrò. Ọ̀kan nínú wọn ló ṣe èyí, ẹni tó lò ó kò sì fara balẹ̀.

Ṣé ẹ rò pé máàkì méjì yẹn parí ọ̀rọ̀? Èmi fúnra mi ti fi han àwọn kan lẹ́yìn náà, wọ́n ní "Háà, lóòótọ́!", ojú wọn ò sì rọ̀ sí Alhaja. Ohun tí Alhaja ṣe lọ́jọ́ náà ló dá kún un. Ó ṣe fọ́ìsì nóòtì, ó sunkún, ó ṣépè, ó tún gbogbo ohun tí wọ́n ní ó sọ sọ kó tó sẹ́ ẹ. Àwọn tí kò rí screenshot wá gbọ́ ọ láti ẹnu òun gan-an. Ká ní mo wà níbẹ̀, ẹlòmíràn ni ǹ bá ní kó sọ̀rọ̀ fún un, gbólóhùn méjì péré, kó fi ọfà tọ́ka sí máàkì náà lórí àwòrán, kó sì dákẹ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ ìbí náà ni gúrúùpù yí orúkọ padà. Wọ́n fi "Ojúlówó" síwájú orúkọ àtijọ́. Ádímìnì mẹ́sàn-án ti di méjì: Bàbá àti Ẹnjiníà. Fóònù Bàbá alára ti jáde kúrò nínú àkáǹtì, ó ń bi í ní páásíwọ̀dù tí kò mọ̀ rí. Lórí Telegram, orin òde ọdún méjì ti pòórá. Telegram náà máa ń kọ iṣẹ́ ádímìnì sílẹ̀, àmọ́ wákàtí 48 péré ló ń tọ́jú rẹ̀ mọ. Gbogbo wọn wà lóde ọjọ́ ìbí, wọ́n ń jó, wọ́n ń ya fọ́tò. Kí wọ́n tó rántí wò ó, ó ti kọjá.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà. Àwọn ẹni Alhaja kọ́kọ́ ní kí gbogbo èèyàn máa fẹjọ́ gúrúùpù sun Facebook. Facebook kò mọ ìtàn ẹgbẹ́. Ohun tó ń wò ni bóyá fídíò kan tàbí ọ̀rọ̀ kan rú òfin rẹ̀. Ó yọ àwọn fídíò kan, ó dá láìfù dúró fúngbà díẹ̀, kò sì fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń jà. Ìyá arúgbó kan ní Ọ̀ṣun tí kì í wo nǹkan mìíràn ju láìfù ọ̀gá lọ ló jìyà rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni èpè. Fọ́ìsì nóòtì lórí fọ́ìsì nóòtì: ẹnì kan fi Kùránì, ẹnì kan fi Ògún. Mi ò ní pé èpè ò ní agbára. Ohun tí mo rí ni pé àwọn ọmọkùnrin méjì tó mọ ohun tó ń lọ ní ṣọ́ọ̀bù Ẹnjiníà, tí wọn ì bá sì ti sọ ọ́, pa ẹnu wọn mọ́ láti ọjọ́ yẹn, torí wọn ò mọ̀ bóyá èpè náà kan àwọn tó kàn wà níbẹ̀.

Àwọn àgbà pe ìpàdé n'Ìbàdàn. Ẹni tó máa dọ̀bálẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ẹni tó máa kúnlẹ̀ kúnlẹ̀, wọ́n jẹ àmàlà, wọ́n ya fọ́tò. Kò sẹ́ni tó bèèrè páásíwọ̀dù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n tún ti lé ẹni méjì jáde. Ẹnì kan wá dábàá ọlọ́pàá, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: òfin Nàìjíríà lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ọdún 2015, ní abala kan, abala 22, tó dá lórí fífi orúkọ ẹlòmíràn ṣe jìbìtì. Bàbá ló kọ̀. Ó ní òun ò lè ti ọmọ mọ́lé nítorí Facebook. Inú bí àwọn èèyàn sí i. Mo wà lẹ́yìn Bàbá lórí èyí. Ká ní wọ́n ti lọ sí àgọ́, gbogbo ohun tó padà ṣeé tún ṣe kò ní ṣeé tún ṣe mọ́.

Ohun tó jọ pé ó dá ẹjọ́ náà wáyé lóde kan ní Agége. Mánẹ́jà gba ìwé pélébé lọ́wọ́ Ẹnjiníà. Ọ̀gá wò ó, ó kí Ẹnjiníà lórúkọ, ó ní òun ni alága àwọn olólùfẹ́ òun káàkiri àgbáyé. Ọ̀rọ̀ náà kò pé ìṣẹ́jú kan. Bàbá jókòó sẹ́yìn nínú aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Láti ọjọ́ náà ni àwọn tó ti wà lẹ́yìn Bàbá ti ń yọ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, láìjà, láìta. Mi ò dá ọ̀gá lẹ́bi o. Ohun tí wọ́n kọ ló kà. Mánẹ́jà ní tirẹ̀, ẹni tó ń kó èrò wá lòun ń bá ṣe, kò sì ní ṣèwádìí ẹni tó ni gúrúùpù kó tó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ipò dé ọwọ́ Ẹnjiníà, aṣọ kò dé ibẹ̀. Ọdún yípo, ó gba owó ankará lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Alhaja ni àwọn oníṣòwò Gbági mọ̀, òun ni wọ́n ń kó ọjà fún láwìn. Wọn ò mọ Ẹnjiníà. Aṣọ pẹ́ kó tó dé, kò tó, èyí tó dé sì ṣí ní fífọ̀ àkọ́kọ́. Omi aláwọ̀ aró kún inú báàfù, ẹnì kan yà á, ó gbé e sórí WhatsApp láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nígbà náà ju ti ta ló jẹ́ alága lọ. Ẹ̀ka London ní àwọn ò ní fowó ránṣẹ́ mọ́ àyàfi tí ẹni méjì bá ń fọwọ́ sí owó kó tó jáde. Akọ̀wé wọn, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló wá mi kàn.

Mo ní kí n kọ́kọ́ rí Bàbá àti Alhaja pa pọ̀. Wọ́n wá, àmọ́ wọ́n jókòó kọ̀yìn síra wọn díẹ̀. Mo ní kí Bàbá mú fóònù rẹ̀, kó jẹ́ ká tẹ ibi tí Facebook ti ń bi ẹni tó gbàgbé páásíwọ̀dù. Facebook ní òun fẹ́ fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kan. Ó fi ìràwọ̀ bò ó, ó ku méjì tó gbẹ̀yìn. Kì í ṣe nọ́ńbà Bàbá. Alhaja na ọrùn wò ó. Ó yọ fóònù tirẹ̀ jáde, ó wá nọ́ńbà Ẹnjiníà, ó gbé fóònù méjèèjì síra wọn. Kò sọ nǹkan kan. Ó yí sí ọ̀dọ̀ Bàbá, ó kúnlẹ̀, Bàbá ní, "Dìde, Alhaja, dìde jàre."

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ kí n ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni kí n gbé e sí gbogbo gúrúùpù kí ojú ti Ẹnjiníà. Mi ò ṣe é. Ẹni tí ojú tì tán, tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò ti ilẹ̀kùn pa, yóò ju kọ́kọ́rọ́ sódò. Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lémi nìkan. Ó ń fi sódà jó ojú bátìrì fóònù kan, kò gbójú sókè. N kò mẹ́nu ba nọ́ńbà. Mo bi í pé kí ni wọ́n ṣe fún un.

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní lẹ́yìn kòrónà, ọ̀gá ṣeré kan n'Ìbàdàn, òun sì bẹ Bàbá pé kó kọ orúkọ ìyá òun sínú ìwé pélébé. Bàbá gbà. Ìyá rẹ̀ dáṣọ, ó wé gèlè, ó jókòó síwájú, ó ti ṣẹ́ owó tuntun sínú pọ́ọ̀sì. Nígbà tí Bàbá ń da ìwé náà kọ, ọlọ́lá kan dé láti Èkó, ààyè ò tó mọ́, Bàbá fa igi lé orúkọ ìyá náà. Ìyá jókòó títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó gbé owó tuntun rẹ̀ padà sílé.

Mo bi Bàbá nígbà tó yá. Kò rántí. Ó ní òun máa ń fa igi lé orúkọ lọ́pọ̀ ìgbà, pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí.

Èyí kò dá ayédèrú screenshot láre, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún Ẹnjiníà lójú. Àmọ́ ó jẹ́ kí n mọ ohun tó yẹ ká tò. A fẹnu kò pé Bàbá kò ní máa dá ìwé pélébé kọ mọ́, Ẹnjiníà náà kò ní kọ ọ́. Ẹni mẹ́ta ni yóò máa kọ ọ́, láti ẹ̀ka mẹ́ta, wọn á máa pààrọ̀, wọn á sì kà á jáde lórí WhatsApp kí mánẹ́jà tó gbà á. Owó aṣọ á máa wọ àkáǹtì tí ẹni méjì ń fọwọ́ sí. Alhaja ló fárígá sí ìyẹn jù, torí ó ti ń tọ́jú owó ẹgbẹ́ bọ̀ láìjíyìn, láìjalè. Mo ní tìtorí pé kò jalè gan-an ló ṣe yẹ kí ẹlòmíràn jẹ́rìí sí i. Ìwé pélébé àkọ́kọ́ tí àwọn mẹ́ta náà kọ, orúkọ ìyá Ẹnjiníà ló ṣáájú.

Ẹnjiníà gbà láti dá Telegram padà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ tún bàjẹ́ pátápátá. Telegram kì í jẹ́ kí ẹni tó ni chánẹ́ẹ̀lì gbé e fún ẹlòmíràn àyàfi tó bá ti fi páásíwọ̀dù kejì sí àkáǹtì rẹ̀, tí páásíwọ̀dù náà sì ti pé ọjọ́ méje. Ẹnjiníà kò fi í sí i tẹ́lẹ̀. A ní láti dúró. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹnì kan lára àwọn ẹni Alhaja kọ ọ́ sórí WhatsApp pé "olè ti jẹ́wọ́." Ẹnjiníà pè mí lálẹ́ pé òun ò ṣe mọ́. Alhaja ló tún un ṣe, kì í ṣe èmi: ó pe Ẹnjiníà fúnra rẹ̀, ohun tí wọ́n jọ sọ kò yé mi dòní, ó sì yọ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ipò akọ̀wé ẹ̀ka. Báwọn tó ń bá ara wọn jà tẹ́lẹ̀ bá lè bá ẹni tiwọn wí, ìgbà yẹn ni mo máa ń mọ̀ pé àdéhùn ti fẹ́ dúró. Ẹnikẹ́ni lè bá ọ̀tá wí.

Facebook kò lọ bẹ́ẹ̀ geere. Ẹnjiníà yí nọ́ńbà àti ímeèlì padà sí ti Bàbá, a jọ yí páásíwọ̀dù níṣojú ẹni mẹ́ta. Àmọ́ nígbà ìjà, àwọn ẹni Alhaja ti dá gúrúùpù mìíràn sílẹ̀, èrò ti lọ síbẹ̀, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn ara wọn. Mo gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n má pa á pọ̀ tipátipá. Ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ àtijọ́, ọ̀kan ní èèyàn púpọ̀. Ádímìnì mẹ́ta péré ló wà nínú ti àtijọ́ báyìí, àwọn yòókù jẹ́ módérétọ̀, méjì nínú wọn sì bínú kúrò torí ẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Orin ọdún méjì tó sọnù ni mo rò pé kò ní padà. Ẹnjiníà ní òun ṣẹ̀dà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kóun tó pa á rẹ́. Ìdajì ni a bá níbẹ̀, ìdajì ti bàjẹ́. Àwọn awakọ̀ ló gbà wá. Wọn kì í gbọ́ orin lórí Telegram lójú ọ̀nà nítorí dátà. Wọ́n á gbé e sínú mẹ́mórì káàdì, wọ́n á kì í bọ rédíò ọkọ̀. Ẹ̀ka Abẹ́òkúta lọ sí gáréèjì, wọ́n ń gba káàdì lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣẹ̀dà rẹ̀. Orúkọ fáìlì ti dàrú, òmíràn jẹ́ "Track 07" lásán, ṣùgbọ́n ohùn ọ̀gá ni, àwọn àgbà ẹgbẹ́ sì ń gbọ́ orúkọ àwọn tí wọ́n kí nínú rẹ̀, wọ́n fi ń mọ òde tó jẹ́.

Ohun tó kù ni síìmù. Ẹni tó bá ni nọ́ńbà tó wà nídìí àkáǹtì ló ni àkáǹtì níkẹyìn. Láti ìparí ọdún 2020, ìjọba ti ní kí gbogbo síìmù so mọ́ nọ́ńbà NIN ẹni tó ni ín, nítorí náà síìmù tí wọ́n bá kàn pè ní ti ẹgbẹ́, orúkọ ẹnì kan ló ṣì ń jẹ́ níwájú òfin. Tí wọn ò bá sì lò ó fúngbà pípẹ́, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù lè tà á fún ẹlòmíràn, kóòdù á wá máa lọ sọ́dọ̀ àlejò. Lọ́wọ́lọ́wọ́, orúkọ nọ́ọ̀sì ará London ni síìmù kan ń jẹ́, òmíràn wà lọ́dọ̀ Bàbá, Alhaja ló ń rántí láti fi káàdì sí i lóṣooṣù. Mo ní kí wọ́n lọ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ Apá F òfin CAMA ti ọdún 2020 tó wà fún irú ẹgbẹ́ wọn, kí báńkì àti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù lè mọ ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́. Wọ́n gbà. Wọ́n dá owó rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Fọ́ọ̀mù náà ní ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn alábòójútó sí, wọ́n sì ti ń fà á látìgbà náà pé orúkọ ta ló máa wà lókè.